Ilé tí atẹ́gùn ń wọ̀: ẹ̀kọ́ tí Godwin àti Hopwood fi sílẹ̀ l'Ékòó

Bí ènìyàn bá wọ àdúgbò Akọka ní ọ̀sán gangan tí iná ìjọba ti lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Púpọ̀ nínú ilé tí à ń kọ́ lóde òní ni inú wọn gbóná bí ààrò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀sà kò jìnnà sí Akọka, atẹ́gùn sì ń fẹ́ níbẹ̀. Bí a ṣe kọ́ ilé ni kò jẹ́ kí ó wọlé.

Ní Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọka yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú ilé àtijọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Gillian Hopwood, jọ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dé Èkó ní 1954. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi pè é.

Ọgbọ́n tí àwọn ayàwòrán-ilé ìgbà náà ń lò kò le. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń mú ògiri gbóná jù. Nítorí náà, ògiri tó kúrú ni kí ó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kí èyí tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn Èkó sábà máa ń ti wá. Bí fèrèsé bá wà lápá ibẹ̀, òmíràn gbọ́dọ̀ wà ní òdìkejì, nítorí atẹ́gùn tí kò rí ọ̀nà jáde kì í wọlé. Kí etí òrùlé sì yọ síta dáadáa, kí ó lè ṣíji bo ògiri. (Àwọn baba wa tó kọ́ agbo-ilé mọ èyí, wọn kò sì lọ sí yunifásítì kankan.)

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ fi kan ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun. Jaekel House, tó wà nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ti wà láti 1898, nígbà tí kò tí ì sí ẹ̀rọ amúlétutù rárá. Ní 2010, ẹgbẹ́ Legacy 1995, tí Godwin ṣe aṣáájú rẹ̀, tún un ṣe pẹ̀lú àjọ rélùwéè. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gba sùúrù. Bí ògiri àtijọ́ bá jẹ́ ti amọ̀, tí bíríkìlà sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ògiri náà yóò sì máa jẹrà láti inú.

Ilojo Bar kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Ilé Àgùdà ni, ní Tinúubú, wọ́n kọ́ ọ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Lójú tèmi, ìkéde lásán kò tó: ilẹ̀ Tinúubú wọ́n bí ojú, ta ni yóò sì fún onílé lówó àtúnṣe? Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.