Mọ́tò Tọ́bò: Epo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé dé lóṣù yìí. Àwọn kan nínú wa a máa yáwó ra tòkunbọ̀ tó ní tọ́bò, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n á fi máa wá ẹni tí yóò bá wọn fi kún agbára rẹ̀. Kò léèwọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá jóná, onídùúró ni yóò báni san gbèsè mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò gùn mọ́.

Èéfín tó ń jáde ló ń yí tọ́bò, òun náà á sì máa ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Nígbà tí tọ́bò bá ń ṣiṣẹ́ kíkan, bíi kílò afẹ́fẹ́ 12 ló yẹ kí ó bá kílò epo 1 jó. Bí epo bá kéré, yóò máa bú gbàmù dípò kí ó jó létòlétò, ẹ ó gbọ́ kó-kó-kó, písítìnì á sì yọ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó.

Ẹ jẹ́ ká mú Toyota Supra tọdún 1993, alábẹ́ tọ́bò méjì, sílíńdà 6. Ìńjẹ́tọ̀ ti Japan ń tú epo 440 cc ní ìṣẹ́jú kan, ti Amẹ́ríkà, tó ní agbára ẹṣin 320, ń tú 550 cc. Ẹni tó bá ń lé agbára ẹṣin 500 nílò bíi lítà epo 180 ní wákàtí kan. Ẹ bá mi ṣírò ó: mẹ́fà ti 440 cc, bí wọ́n tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, lítà 158 ni. Ti 550 cc á dé 198, ṣùgbọ́n ìdá 80 nínú 100 ni ká fi ṣe òpin iṣẹ́ ìńjẹ́tọ̀, ó sì tún padà sí 158 yẹn náà. Àfi kó kọjá 630 cc.

Páǹpù ńkọ́? Wọ́n á ní èyí ń fún lítà 255 ní wákàtí kan. Òótọ́ ni, nígbà tí ìdènà iwájú rẹ̀ bá kéré. Bí epo bá wà ní bar 3, tí tọ́bò tún fi bar 1.5 lé e, bar 4.5 ni páǹpù ń bá jà, iye tó ń fún á sì dínkù. Wáyà ló tún kù. Bí iná bátìrì tó dé ọ̀dọ̀ páǹpù kò bá tó, òun náà á rẹ̀. Wáyà tuntun tó nípọn, pẹ̀lú rìlé àti fíúùsì, láti orí bátìrì ló yẹ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an làwọn mẹkáníìkì kan máa ń fò, nítorí kò hàn sójú oníbàárà.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ìńjẹ́tọ̀ o! Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó tún un tò, kó fi ẹ̀rọ wo bí epo ṣe ń bá afẹ́fẹ́ dọ́gba lábẹ́ ẹrù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, epo á pọ̀ jù, á fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Ní tèmi, owó iṣẹ́ yìí ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Kí ẹ tó gba mọ́tò lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kó tan án, kí ẹ fọwọ́ kan gbogbo ojú páìpù epo. Bí ó bá tutù tàbí tí ẹ gbóòórùn bẹntiróòlù, ẹ má wa á kúrò níbẹ̀.