Òbí, Olùkọ́ àti Ọmọ Tó Ní Àìsàn Fòníkú-fọ̀ladìde: Àpẹẹrẹ Òpópónà Iweka, Onitsha

Òbí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òpópónà Iweka, àárọ̀ kùtù ló ń jáde. Bí ọmọ rẹ̀ bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, olùkọ́ ló ń wà lọ́dọ̀ ọmọ náà ní ọ̀sán. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ náà wá sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn olùkọ́.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa tẹ̀ bíi dòjé, a sì dí iṣan ẹ̀jẹ̀. Eegun a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àìmu omi tó, òtútù àti ibà wà lára ohun tó ń fà á. Nítorí náà ni òbí ṣe ń fi ike omi sínú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ kì í lè dá omi dúró dáadáa, yóò máa tọrọ àyè láti lọ tọ̀. Olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò ní ó ń sá fún iṣẹ́. Ọmọ a wá dẹ́kun omi mímu nítorí ìtìjú, ìrora a sì dé. Làálàá òbí láti àárọ̀ já sí asán nìyẹn.

Láyé àtijọ́, àbíkú ni Yorùbá ń pe ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Igbo ń pè é ní ọgbanje. Ìyá ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi (títí dòní níbòmíràn), bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ni ọmọ ti jogún rẹ̀.

Kí òbí kọ lẹ́tà sí olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ mu omi, kí ó sì lọ tọ̀ láìsí àríyànjiyàn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì kọ́ èyí kí wọ́n tó lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò.