Ìyàtọ̀ Òdiwọ̀n Èròjà DNA nínú Jíìnì Kantíkantí
Bí a bá gbé ẹmu kalẹ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀, kantíkantí yóò rọ̀gbà yí i ká. Drosophila melanogaster wà lára àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Èròjà mẹ́rin, A, T, G àti C, ni ó para pọ̀ di DNA rẹ̀; G àti C jẹ́ nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún.

Òdiwọ̀n yìí kò dọ́gba nínú jíìnì. Ó ga ní abala tí ó ní ìlànà purotéènì ju abala tí a ń gé kúrò nínú ẹ̀dà rẹ̀ lọ. Mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń ka èròjà ìlànà náà. Ipò kẹta ni G àti C ti pọ̀ jù.

Ní Yorùbá, bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí: igbá kì í ṣe igba. Ṣùgbọ́n èròjà ipò kẹta sábà máa ń yí láìyí ìtumọ̀. Nítorí náà ni àyè fi gba ìyàtọ̀ níbẹ̀.