Ilé Kéú àti Orí Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìpájà tí ẹ fẹ́ yọ ọmọ kúrò ní ilé kéú nítorí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, ẹ dúró ná. Sylvia Scribner àti Michael Cole, ará Amẹ́ríkà, ti wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn Vai ní Làìbéríà. Ìwé wọn jáde ní 1981. Àwọn Vai ní ìkọ̀wé tiwọn, tí kì í ṣe ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ: ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí ní í kọ́ni nílé. Wọ́n sì ń kéú.

Wọ́n pe ọ̀rọ̀ kan fún wọn kí wọ́n tún un pè; wọ́n fi èkejì kún un, wọ́n fi ẹ̀kẹta kún un. Àwọn tó ti kéú rántí ju àwọn tí kò mọ̀wé lọ. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń há Súrà sórí? Ní ti àlàyé ìdí ọ̀rọ̀, kí á má tanra wa jẹ, àwọn tó lọ sí ilé ìwé ló borí.