Ìyára Yàtọ̀ sí Ìyárasí: Ẹ̀kọ́ tí Ọkọ̀ Oníná Mànàmáná Kọ́ Wa

Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Yorùbá ti ṣe sí ọ̀pọ̀ ohun tuntun tí ó wọ ilẹ̀ wọn: ìṣesí ohun náà ni wọ́n kọ́kọ́ wò, pàápàá ìró rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìrìn geere tí ó ń rìn. Alùpùpù gba tirẹ̀ láti inú ìró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mú jáde. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ tí ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kódà, ogun pàápàá gba orúkọ lọ́nà yìí. Ẹni tí ó bá wà ní Ọ̀tan-Ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò jìnnà sí agbègbè Ìmèsí-Ilé àti Ìgbájọ, níbi tí wọ́n ti ja ogun tí a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886. Ìró àgbá inú ogun náà ni a fi sọ ọ́ ní Kírìjì.

Ọ̀nà ìsọlórúkọ yìí dára, ó sì ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ti dé báyìí tí kò pariwo bí ó ti ń sáré. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò mọ ohun kan lára tí etí rẹ̀ kò gbọ́, tí ojú rẹ̀ kò sì tíì rí. Bí a bá ní kí ó sọ ohun náà ní Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí ó ṣì í pè. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti fi ìrírí ẹni bẹ́ẹ̀ wádìí ìperí méjì tí a sábà máa ń dà pọ̀ nínú kíláàsì: ìyára, àti àlékún tí ó ń bá ìyára.

Wíwa Ọkọ̀ Wò

Ní ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Stallion fi ọkọ̀ Hyundai Kona oníná mànàmáná han àwùjọ ní Èkó. Láti ìgbà náà wá, ọkọ̀ irú èyí kì í tún ṣe ohun tí a ń gbọ́ nípa rẹ̀ láti òkè òkun nìkan. Ẹ jẹ́ kí a wá gbà pé bàbá awakọ̀ kan, ọmọ bíbí Ọ̀tan-Ilé, tí ó ti fi ogún ọdún ná ọ̀nà Ìbòkun sí Iléṣà pẹ̀lú ọkọ̀ elérò, lọ sí Èkó kí ó lọ wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò níbi tí wọ́n ti ń tà á. Èdè wa ní ìlànà tí ó rọrùn fún irú ìdánwò yìí: à ń tọ́ ọbẹ̀ wò, à ń wọ ẹ̀wù wò, à ń gun ẹṣin wò. Ìwakọ̀wò ni a lè pe ohun tí bàbá yìí fẹ́ ṣe.

Nínú ọkọ̀ tirẹ̀, etí ni bàbá fi ń wa ọkọ̀ tó bí ó ti ń fi ojú wà á. Bí ó bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí ó sì ki jíà kìn-ín-ní bọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí ìró náà bá lọ sókè dé àyè kan, bàbá a mọ̀ pé ó tó àkókò láti pààrọ̀ jíà. Láàrin jíà kan sí èkejì, ọkọ̀ a dẹ̀ díẹ̀, orí àwọn èrò a mì síwájú, lẹ́yìn náà ọkọ̀ a tún gbéra. Ìró, ìdẹ̀, ìgbéra: báyìí ni ara bàbá ṣe mọ eré sísá láti ogún ọdún wá.

Nínú ọkọ̀ tuntun yìí, kò sí kílọ́ọ̀ṣì, kò sì sí jíà tí a ń pààrọ̀. Ohun kan ni ó wà tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní àtẹ̀sáré, bí a ti ń pe ìwé kúkurú tí a ń tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù ní àtẹ̀jíṣẹ́. Bàbá tẹ àtẹ̀sáré náà bí ó ti máa ń tẹ ti ọkọ̀ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìjókòó, ọrùn rẹ̀ fẹ́ yẹ̀ sẹ́yìn, inú rẹ̀ sì ṣe wìì. Kò sí ìró kankan tí ó ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ó kígbe pé, “Háà! Ọkọ̀ yìí mà ń sáré o!”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ta ọkọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Bàbá, a kò tíì sáré rárá o. Ẹ wo aago iwájú yín, ogún kìlómítà ní wákàtí kan péré ni.”

Bàbá wo aago, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó ní, “Kí wá ni ohun tí mo mọ̀ lára yẹn, ọmọ mi?”

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti atúmọ̀-èdè dáhùn.

Ohun tí Ara Mọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé ara ènìyàn kì í mọ ìyára. Bí ọkọ̀ bá ń lọ geerege ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀nà títẹ́jú, tí a sì di ojú èrò inú rẹ̀, ìmì ọkọ̀ àti ariwo nìkan ni yóò fi mọ̀ pé òun ń rìn. Ohun tí ara ń mọ̀ ni ìyípadà ìyára. Isaac Newton ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1687: ohun tí ó dúró yóò máa dúró, èyí tí ó sì ń lọ yóò máa lọ bẹ́ẹ̀, àfi bí agbára kan bá tì í. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ara bàbá fẹ́ dúró síbi tí ó wà. Ìjókòó ni ó ń tì í lẹ́yìn kí ó lè bá ọkọ̀ lọ. Bàbá rò pé nǹkan kan ń fa òun sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó ni ó ń ti òun síwájú.

Inú etí pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ìró. Nínú etí lọ́hùn-ún ni òkúta wẹ́wẹ́ kan wà tí ara fi èròjà kálísíọ̀mù ṣe, tí wọ́n wà lórí ohun rírọ̀ tí irun tín-tìn-tín wọ inú rẹ̀. Bí orí bá ṣàdédé sún síwájú, àwọn òkúta náà a rẹ̀yìn díẹ̀, irun wọ̀nyí a tẹ̀, ọpọlọ a sì gbọ́ ìròyìn. Bí ìyára bá ti dúró sójú kan, irun a padà sí ààyè rẹ̀, ìròyìn a sì dópin.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá gbéra láti orí òdo, tí ó sì dé ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá 8, ìyára rẹ̀ ti kúrò ní òdo di nǹkan bíi mítà 27.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi 8 pín in, a ó rí i pé nǹkan bíi mítà 3.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń fi kún ìyára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Òkúta tí ó ń já bọ́ láti orí igi ń fi nǹkan bíi 9.8 kún tirẹ̀. Nítorí náà, àlékún ti ọkọ̀ yìí lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ti òkúta. Ọkọ̀ mìíràn tí ó ń lọ ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà láìyẹsẹ̀ kò fi ohunkóhun kún ìyára tirẹ̀: òdo ni àlékún rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó yára jù ni kò ní àlékún, èyí tí ìyára rẹ̀ kò ju ogún lọ ni ó ní in.

Ìdí tí ti ọkọ̀ oníná mànàmáná fi hàn gbangba báyìí ni pé ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo bẹntiróòlù kò lè lo gbogbo agbára ìyí rẹ̀ àfi bí ó bá ti ń yí kíákíá. Ìdí nìyí tí a fi nílò jíà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí lè mú agbára ìyí rẹ̀ tí ó pọ̀ jù lọ wá láti orí ìdúró.

Yíyan Ìperí

Bí a bá pe ohun méjèèjì yìí ní ìyára tàbí eré, a ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí bàbá awakọ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ náà lò ni ọmọ kíláàsì yóò ṣe ṣì í lò nínú ìdánwò. Síbẹ̀, èdè wa kò ṣaláìní ìyàtọ̀ náà. “Ó ń sáré” kò rí bákan náà pẹ̀lú “ó ki eré mọ́lẹ̀”, bẹ́ẹ̀ ni “ó yára” kì í ṣe “ó ń yára sí i”. Láti inú gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo ti mú ìperí tí mo dábàá wá: ìyárasí. Ẹni tí ó bá sọ pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ orúkọ parí sí “sí” báyìí, kí ó rántí ìkíyèsí àti ìlọ́wọ́sí.

Àbùkù kan wà lára ìperí náà tí kò yẹ kí a fi pamọ́. Bí bàbá bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀sáré, ẹ̀rọ tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò di ẹ̀rọ amúnáwá, yóò máa dá iná padà sínú bátìrì, ọkọ̀ yóò sì máa dẹ̀ láìtíì tẹ ìjánu. Ara bàbá yóò tẹ̀ síwájú. Lójú onímọ̀ físíìsì, ohun kan náà ni èyí àti ti àkọ́kọ́. Ìhà tí ó kọjú sí ni ó yàtọ̀. A kò sì lè pe ohun tí ń dín kù ní ìyárasí. Ní ọ̀nà kọ́rọ́kọ̀rọ̀ pẹ̀lú, aago lè dúró lórí ogójì síbẹ̀ kí ara èrò máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé ìhà tí ọkọ̀ kọjú sí ń yí padà.

Èrò mi ni pé kí a ní orúkọ àjùmọ̀jẹ́ kan, kí àwọn yòókù wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àyípadà ìyára ni kí ó jẹ́ orúkọ àjùmọ̀jẹ́ náà. Ìyárasí ni ti àlékún, ìdínkù ìyára sì ni ti àdínkù. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí ìhà ti ṣe pàtàkì, kí a sọ ọ́ di àyípadà ìyára oníhà, kí ó lè gba ti ọ̀nà kọ́rọ́kọ̀rọ̀ mọ́ra.

Kò pọn dandan kí olùkọ́ ní ọkọ̀ oníná mànàmáná kí ó tó lè kọ́ni ní èyí. Kí ó pe ọmọ kan tí ó mọ omi rù. Garawa tí ó kún dẹ́múdẹ́mú a máa dà nígbà tí ọmọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, nígbà tí ó bá dúró lójijì, àti nígbà tí ó bá yà ní kọ̀rọ̀. Bí ó bá ń rìn ní ìwọ̀n kan náà lójú ọ̀nà gbọọrọ, omi a fara balẹ̀. Ọmọ náà ti mọ àyípadà ìyára lórí ara rẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n kọ.

Ìkádìí

Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn iṣẹ́ wọn, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ohun tí ó kù fún wa ni láti máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú físíìsì bí ohun tuntun ti ń dé, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ ni a ó máa tún un ṣe.

Ohun tuntun ò sì dáwọ́ dúró. Láti ọdún 2022 ni alùpùpù oníná mànàmáná ti ń rìn ní Kutọnu àti Lómé, tí kò sì lu pù-pù-pù mọ́. Láti ọdún 2019 ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ń béèrè pé kí irú ọkọ̀ oníná mànàmáná tuntun máa mú ìró àtọwọ́dá jáde bí ìyára rẹ̀ kò bá tíì kọjá ogún kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ọmọ tí ń ṣeré létí títì ní Ọ̀tan-Ilé pẹ̀lú nílò ìkìlọ̀ náà, nítorí pé etí ni òun náà fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀.

Ní ti bàbá awakọ̀, ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: “Ìyárasí ni ẹ mọ̀ lára, Bàbá, ìyára ni aago ń kà.” Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀-èdè kan bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ ní àdúgbò tirẹ̀, kí ó mú un wá, kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.