Igbó Ọba àti Igbó Awo: Ta Ló Lé Ẹlẹ́wé Ọmọ?

Ohun tó ṣojú mi ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀ tòní.

Ní Ìhunbọ, níhìn-ín ní ilẹ̀ Yewa, ìyá àgbà kan wà tó ń ta ewé àti egbò lọ́jà. Bí Ifá bá yan ewé fún aláìsàn, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni èmi ń lọ. Lóṣù tó kọjá, mo débẹ̀, mo bá àtẹ ní òfìfo. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ò lọ já ewé ni?" Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Awo, mo lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ọba gba apẹ̀rẹ̀ mi, wọ́n ní olè ni mí. Èmi arúgbó yìí!"

Inú bí mi. Mo délé, mo fẹ́ kọ̀wé bú ìjọba. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ ọ́, ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́.

Ìjà igbó ọba àti ará ìlú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ọdún 1925 ni ìjọba òyìnbó ya igbó Ọmọ sọ́tọ̀. Ó lé ní 130,000 hẹ́kítà. Ní 1977, UNESCO fi sára àwọn igbó tí gbogbo ayé ń dáàbò bò. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ti gbin kòkó síbẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n jáde, wọ́n ní ibo ni àwọn máa kó ọmọ lọ. Erin náà ò mọ ààlà, ó ń wọ oko wọn, ó ń jẹ oúnjẹ wọn.

Ọ̀yọ́-Ilé ńkọ́? Ahoro ààfin àwọn Aláàfin wà nínú ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991. Ọdẹ tí baba ńlá rẹ̀ dọdẹ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ ibẹ̀ mọ́.

Àwọn baba wa náà ti igbó. Igbó Orò wà, igbó Eégún wà, igbódù wà. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ tiwọn ní ẹnu ọ̀nà. Àwòrò wà tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ já ewé yóò kí Ọ̀sanyìn, yóò sanwó ewé, yóò já ìwọ̀nba, kò ní hú gbòǹgbò rẹ̀ dànù. Òfin ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn, kò mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣí i fún. Ẹni tó wá la igi gẹdú àti arúgbó tó wá já ewé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Mo tún lọ bá ìyá náà, mo bi wọ́n pé kí ló gbé wọn dé igbó ọba tó jìnnà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ta tilé."

Òótọ́ ni. Igbódù tí wọ́n ti tẹ̀ mí nífá, a ti gé ìdajì rẹ̀ fún àwọn tó ń ra ilẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ìjọba kankan ò gé e. Mo wà níjókòó lọ́jọ́ tí àwọn àgbà fọwọ́ sí i. Mo jẹ nínú obì ọjọ́ náà, n ò sọ̀rọ̀. Ká ní igbó yẹn wà, ìyá yìí ì bá má dé ibi tí wọ́n ti pè wọ́n lólè.

Ẹ wo Òṣogbo. Ilẹ̀ igbó Ọ̀ṣun ti ń bọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ kí Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó dara pọ̀ mọ́ àwọn olórìṣà ibẹ̀ láti gbà á là. Ní 1965, ìjọba sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO gbà á wọlé. Igi gígé àti ẹja pípa di èèwọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ Arugbá ń wọlé lọ́dọọdún. Òfin wà lọ́wọ́ ìjọba, ètùtù wà lọ́wọ́ àwọn olórìṣà. Àwọn aládùúgbò wa ní Bẹ̀nẹ̀ náà ṣe òfin ní 2012 tó fi ojú igbó òrìṣà wo igbó òrìṣà, tó sì fún àwọn tó ni ín ní ipa nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀: ẹ yan ọjọ́ fún àwọn ẹlẹ́wé ọmọ, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi màrìwò sí ìyókù igbó tó kù lọ́wọ́ wa, ká má tà á mọ́.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá, mo gbin akòko mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ igbódù wa. Mo sọ fún ìyá náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ tètè gbin yòókù, Bàbá Awo. Ọjọ́ ti ń lọ lórí mi."