Ibo Ni Okùn Ti Ń Já? Àlàyé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Tí Kò Dúró Lẹ́yìn Tí A Pààrọ̀ Ilé-iṣẹ́

Iṣẹ́ tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ rán mi ni pé kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tó ti di ẹjọ́ ojoojúmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé wa ní ìlú Jos. A pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, a san owó tuntun, a gbé ẹ̀rọ tuntun wálé, síbẹ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti fífa wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni mo ń ṣe jẹun. Nítorí náà, ohun tí mo ti rí nínú ilé yín àti nínú ilé tèmi ni n óò sọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń wo fíìmù ni èyí. Ẹni tó bá wà ní Jos ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, tàbí ní oṣù kìíní ọdún 2010, mọ bí ọkàn ṣe máa ń rí nígbà tí ìgboro bá dàrú tí a kò sì gbọ́ ohùn ará ilé. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú wa ti ń bá ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni oníṣòwò ti ń fi àwòrán ọjà ránṣẹ́, ibẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì. Owó tí a ń ná sí i kò kéré. Bí a bá wá ń pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ láìmọ ibi tí àìsàn wà, ńṣe ni à ń ra oògùn ẹsẹ̀ fún ẹni tí orí ń fọ́.

ỌNÀ MẸ́TA NI

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ mi nìyí: ọ̀nà mẹ́ta ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kó tó dé ọwọ́ yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àìsàn tirẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni láti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín dé ọ̀dọ̀ router, ìyẹn àpótí kékeré tó ń tan iná wẹ́wẹ́ nínú pálọ̀. Ọ̀nà kejì ni láti router dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́: ó lè jẹ́ òpó gíga tí a ń pè ní máàsì, ó lè jẹ́ okùn fáíbà tó gba ojú títì wá, ó sì lè jẹ́ sátẹ́láìtì lójú ọ̀run. Ọ̀nà kẹta ni láti ibẹ̀ lọ sí àwọn ìlú ńlá bí Èkó, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn okùn abẹ́ òkun ti gúnlẹ̀, títí dé ilẹ̀ òkèèrè.

Ilé-iṣẹ́ tí a pààrọ̀ kò lè wo àìsàn ọ̀nà kìíní sàn. Bí ọ̀nà inú ilé bá bàjẹ́, tí a bá pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ yóò fi lélẹ̀.

ÀYẸ̀WÒ ÌṢẸ́JÚ MẸ́WÀÁ

Ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí ojú dúdú tí a ń pè ní Command Prompt. Ẹ wo ẹ̀yìn router tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ óò rí nọ́ńbà bíi 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1. Bí ó bá jẹ́ èyí àárín, ẹ tẹ: ping 192.168.1.1 -t. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà máa ké sí router, kí router sì máa jẹ́ ẹ. Ẹ ṣí ojú dúdú kejì, kí ẹ tẹ: ping 8.8.8.8 -t. Èyí ń ké sí ẹ̀rọ Google tó wà níta. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní àkókò tí wàhálà náà máa ń dé.

Bí router bá ń dáhùn kíákíá láìdákẹ́, tí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà kò ju bíi 10 ms lọ, ṣùgbọ́n tí Google ń dákẹ́, ìta ilé ni àìsàn wà. Bí router fúnra rẹ̀ bá ń dákẹ́, tàbí tí ìdáhùn rẹ̀ ń fo láti 5 sí 300, inú ilé ni àìsàn wà, kí ẹ má tíì pe ilé-iṣẹ́ kankan.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè gbé fóònù dúró ti router, kí ó pe ènìyàn kan lórí WhatsApp fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìpè bá dúró níbẹ̀, tó sì ń já nígbà tí ó bá wọ yàrá, ọ̀nà kìíní ni.

ÀÌSÀN INÚ ILÉ

Lẹ́yìn ìpààrọ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bá nílé ènìyàn ni router àtijọ́ tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Fóònù tó ti mọ orúkọ rẹ̀ yóò sá lọ so mọ́ ọn, kò ní rí nǹkan kan gbà, yóò tún padà sí ti tuntun. Ẹ pa á, kí ẹ sì sọ fún fóònù kọ̀ọ̀kan kó gbàgbé orúkọ àtijọ́ náà. Bákan náà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé Wi-Fi dé yàrá ẹ̀yìn. Bí a kò bá tún un so mọ́ router tuntun, ti àtijọ́ ni yóò máa wá kiri.

Àwọn mìíràn a fi wáyà so router àtijọ́ mọ́ ti tuntun kó lè ran yàrá kejì lọ́wọ́. Kò burú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè máa pín àdírẹ́sì fún fóònù, bí ìgbà tí alága méjì ń darí ìpàdé kan ṣoṣo. Ẹ pa DHCP nínú ti àtijọ́, kí ọ̀kan ṣoṣo máa pín in. Bí ó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà kan péré ni ojú ewé ń pẹ́ kó tó ṣí, tí àwọn yòókù ń ṣe dáadáa, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà DNS ti ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Wi-Fi ní ìgbì méjì tí a ń lò jù. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n gbogbo aládùúgbò ló ń dù ú. Ìgbì 5 GHz yára, àmọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù bíi méjì ti tó láti mú un rẹ̀wẹ̀sì. Lórí 2.4 GHz, ojú ọ̀nà 1, 6 àti 11 ni kì í gun ara wọn lórí. Ẹ yan èyí tí èrò kò pọ̀ sí nínú wọn.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ti ń múra láti san owó fún ilé-iṣẹ́ kẹta nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ wọn ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ilé. Àyẹ̀wò fi hàn pé láàrin yàrá ọmọ náà àti router ni ó ti ń já. A yọ ẹ̀rọ kékeré àtijọ́ kúrò, a fa wáyà mítà 15 láti router wọ yàrá rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, kò já. Owó wáyà náà kò tó ìdá mẹ́wàá owó tí wọn ì bá san fún ilé-iṣẹ́ kẹta.

Ẹ tún wo iná mànàmáná. Nígbà tí iná bá lọ tí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ gbà á, router lè kú fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí ó sì tó bíi ìṣẹ́jú méjì kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá wà lórí ìpè yóò ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló lọ. Bátìrì kékeré wà lọ́jà tí a ń so mọ́ router kí iná rẹ̀ má bàa ṣẹ́jú. Ẹ ka fóltì tó wà lára router kí ẹ tó rà á. Púpọ̀ nínú wọn ń lo 12.

LÁÀRIN ILÉ ÀTI ÒPÓ

Níbi ọ̀nà kejì ni ìlú wa ti ní ìṣòro tirẹ̀. Jos ga ju òkun lọ ní bíi 1,200 mítà, òkè àti àpáta sì wà láàrin àdúgbò àti àdúgbò. Ilé kan ní Rayfield lè máa wo òpó kedere, kí àpáta sì bo ilé kejì mọ́lẹ̀. Nítorí náà, pé ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín ní Bukuru kò ní kó ṣe dáadáa lọ́dọ̀ yín ní Tudun Wada. Òpó tí ilé yín ń rí ni ẹ̀ ń ra, ẹ kò ra orúkọ ilé-iṣẹ́.

Ẹ lè ka agbára òpó náà fúnra yín. Ẹ tẹ nọ́ńbà router sójú ibi tí ẹ ti ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá RSRP. Nọ́ńbà rẹ̀ ní àmì ìyọkúrò níwájú, bí ó bá sì ṣe sún mọ́ òdo tó ni ó dára tó. −85 dára púpọ̀, −100 ṣeé lò, ṣùgbọ́n bí ó bá ti lọ sí −110 sókè, ó ti ń rá pálá. Ẹ wo SINR pẹ̀lú: 20 dára gan-an, bí ó bá sì já sí ìsàlẹ̀ òdo, ariwo ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ gbé router lọ sí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Fèrèsé tó dára jù ni ilé rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jìnnà sí yàrá, wáyà ni kí ẹ fi gbé e dé inú.

Ní ilé tèmi, lẹ́yìn tí a kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ìpè ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ń já ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún. Router ń dáhùn dáadáa, ìta ni ó ti ń dákẹ́. Ojú router fi hàn pé ó ń fo láti 5G sí 4G, ó sì tún ń fo padà. Láti ọdún 2022 tí 5G ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà fún títà ní Nàìjíríà, ìgbì bíi 3.5 GHz ni wọ́n fi ń gbé e, kì í sì í la ògiri àti àpáta kọjá tó ìgbì ìsàlẹ̀ tí 4G ń lò. Mo yí router sí 4G nìkan, mo sì gbé e láti pálọ̀ lọ sí fèrèsé tó kọjú sí òpó. RSRP kúrò ní −112 bọ́ sí −94. Yíyára rẹ̀ dínkù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè kò já mọ́, ìyẹn ni ọmọ náà sì nílò.

Ẹni tó bá yọ SIM kan tó fi ti ilé-iṣẹ́ mìíràn sínú router kan náà gbọ́dọ̀ yí APN sí ti ilé-iṣẹ́ tuntun. Ẹni tó bá lọ sí Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, ojú ọ̀run gbalasa ni ó nílò. Igi yukalíptọ́ọ̀sì gíga tó pọ̀ ní Jos lè dí i lójú, òrùlé aládùúgbò náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé yóò já fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yóò padà, yóò sì tún já, lóòrèkóòrè. Áàpù rẹ̀ lórí fóònù a máa fi ibi tí ohun kan ti dí i hàn. Nígbà òjò, tí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ yọ wáyà gbogbo wọn lára iná.

Ọ̀NÀ JÍJÌN

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dára ní aago márùn-ún ìdájí, tó sì ń rá pálá ní aago mẹ́jọ alẹ́ lójoojúmọ́, èrò ló pọ̀ lórí òpó. Kò sí bí a ṣe lè yí router tí yóò wo èyí sàn.

Nígbà mìíràn, ibi jíjìn ni okùn ti já. Láti Jos dé Èkó lé ní 700 kìlómítà, àwọn tó ń la títì sì lè gé okùn nígbàkígbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́bàá etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì mẹ́hẹ ní Nàìjíríà àti káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ra router tuntun ní ọ̀sẹ̀ yẹn, owó ló dà nù. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ bi aládùúgbò tó ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà léèrè.

KÍ A TÓ TÚN PÀÀRỌ̀

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ìta ni, ẹ kọ ọjọ́, aago, RSRP àti iye ìgbà tí ping dákẹ́ sínú ìwé. Ẹ pe ilé-iṣẹ́, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn bó ṣe yẹ, ẹ pe àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Bí ó bá sì di dandan kí a pààrọ̀, ẹ ra SIM ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń wò pẹ̀lú dátà kékeré, kí ẹ lò ó nínú ilé yín fún ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ tó san owó router. Ẹ má fi ti àtijọ́ sílẹ̀ kí oṣù kan tó pé. Kí ilé kọ̀ọ̀kan sì ní SIM kejì láti ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí dátà díẹ̀ wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, torí ọjọ́ tí ìgboro bá gbóná.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mú àyẹ̀wò ping yìí lọ sílé àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí kò lè ṣe é fúnra wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì lè gba owó oṣù púpọ̀ là.